Ọwọ́ Aláwọ̀ Méjì Kì í Ba Àkàrà Jẹ́

 

Ọwọ́ tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọ̀ méjì ni ó ní. Àwọn ìka mi funfun bí ẹ̀kọ. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi dúdú, ṣùgbọ́n funfun ti wọ inú rẹ̀ káàkiri, bí aṣọ tí aró kò mú dáadáa. Ètè mi funfun. Ẹsẹ̀ mi náà rí bẹ́ẹ̀.

Àkàrà ni mo ń dín tà ní ọjà wa, ní ilẹ̀ Kétu. Mo tún ń ṣe oko ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀pà. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ kọ ọ́ wá, mo ní èmi náà ní ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mi nìyí: ohun tí ó wà lára mi kò lè ràn yín. Kò sì lè pa mí. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò lọ́jà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ó ti tó ọdún 9 báyìí. Mo rí ohun funfun kékeré kan ní oríkèé ìka mi. Kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Kò dùn mí, kò yún mi. Mo rò pé òróró gbígbóná ni ó ta sí mi. N kò kà á sí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Nígbà tí yóò fi tó ọdún kan, ó ti yọ ní ètè mi.

Lọ́jọ́ ọjà kan, obìnrin kan tí ó máa ń ra àkàrà lọ́wọ́ mi dúró. Ó wo ọwọ́ mi. Owó tí ó ti nà sí mi, ó fà á padà. Ó yí sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní: "Ẹ̀tẹ̀ mà ni." Kò sọ ọ́ sókè, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn tó. Tẹ́lẹ̀, igbá ẹ̀wà mẹ́ta ni mo máa ń lọ̀ fún ọjọ́ ọjà kan. Nígbà tí ó yá, igbá kan kò tán mọ́. Àwọn ọmọ mi ni ó ń jẹ èyí tí ó kù. Àwọn kan tilẹ̀ ní kí n máa fi ọ̀rá bọ ọwọ́ mi bí mo bá ń tajà. Àwọn míì ní kí n fi ọjà sílẹ̀ pátápátá.

Nílé, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Àwọn kan ní Ọbalúayé ni ó ń bá mi jà. Àwọn míì ní ẹnì kan ni ó fi oògùn ṣe mí. Wọ́n ní kí n rántí ẹni tí mo ṣẹ̀. Mo rántí títí, n kò rí ẹni tí mo ṣẹ̀.

A ta ewúrẹ́ méjì. A lọ bá ẹnì kan tí ó ní òun mọ oògùn rẹ̀. Ó fi nǹkan kan pa ọwọ́ mi. Ó jó mi bí iná. Awọ ara mi bó. Egbò náà pẹ́ kí ó tó jinná. Nígbà tí ó jinná tán, funfun tí ó tó ẹyọ ẹ̀wà ti tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ewúrẹ́ lọ, àìsàn kò lọ.

ÒWÚ DÍẸ̀ NI Ó TÚ ÀṢÍRÍ

Òṣìṣẹ́ ìlera kan wá sí abúlé wa láti fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo fi ìborùn bo ọwọ́ mi. Ó rí i. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ yín." Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo nà án sí i. Ó dì í mú. Ó ti pẹ́ tí àjèjì ti di ọwọ́ mi mú bẹ́ẹ̀.

Ó mú òwú díẹ̀, ó lọ́ ọ kí ó lè rí ṣóńṣó. Ó ní: "Ìyá, ẹ dijú. Bí mo bá fi òwú yìí kàn yín, ẹ fi ìka kejì tọ́ka sí ibi tí ó kàn yín."

Mo dijú. Ó fi kàn mí lójú dúdú, mo tọ́ka sí i. Ó fi kàn mí lójú funfun, mo tọ́ka sí i. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. N kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní: "Ìyá, èyí kò jọ ẹ̀tẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ máa ń mú kí awọ ara kú, kò ní mọ ìfọwọ́kàn. Tiyín mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ lọ kí dókítà rí i." Ó kọ ìwé fún mi. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara nìyẹn.

ÀWỌN ALÁRÓ INÚ ARA WA

Vitiligo ni dókítà pè é. Àwa á máa pè é ní fitilígò. Bí ó ṣe yé mi ni màá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Ẹ ti rí àwọn aláró rí. Wọ́n á ri aṣọ funfun bọ inú ìkòkò aró, aṣọ á sì dúdú. Nínú awọ ara ọmọ ènìyàn, àwọn nǹkan kan wà tí iṣẹ́ wọn jọ ti aláró. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Àwọn ni wọ́n ń rẹ awọ ara wa láró. Àwọn ni wọ́n mú kí á dúdú. Aró wọn yìí ni ó ń bò wá lọ́wọ́ oòrùn.

Ara wa tún ní àwọn ọmọ ogun. Iṣẹ́ tiwọn ni láti bá àìsàn jà. Bí ẹ̀gún bá gún yín, tí ìdọ̀tí wọ ibẹ̀, àwọn ni wọ́n ń sáré lọ. Ṣùgbọ́n nígbà míì, àwọn ọmọ ogun yìí máa ń ṣì í. Wọ́n á rò pé ọ̀tá ni àwọn aláró. Wọ́n á dojú ìjà kọ wọ́n, wọ́n á pa wọ́n. Ibi tí aláró bá ti kú, kò sí ẹni tí yóò rẹ ibẹ̀ láró mọ́. Ibẹ̀ á funfun. Fitilígò nìyẹn.

Ẹ rí i pé kì í ṣe kòkòrò ni ó fà á. Nítorí náà kò sí ohun tí ó lè fò láti ara mi sí ara yín. Kò ràn nípa bíbọ ọwọ́. Kò ràn nípa jíjẹun nínú àwo kan náà. Kò ràn nípa sísùn lórí ẹní kan náà. Kò ràn láàárín ọkọ àti aya. Oúnjẹ tí ẹ jẹ lánàá kọ́ ni ó fà á.

Ó wà ní gbogbo ayé, lára òyìnbó àti lára aláwọ̀ dúdú. Nínú 200 ènìyàn, ó lè tó ẹnì kan tí ó ní i. Lára àwa dúdú ni ó ti ń hàn jù. Fún nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ní i, ó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ 20 ọdún.

Àwọn òbí máa ń béèrè pé: "Ṣé a lè fẹ́ ọmọ wọn?" Èsì rẹ̀ nìyí. Nínú ẹbí kan, ó lè wà lára ju ẹnì kan lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jùlọ ọmọ tí òbí wọn ní fitilígò kì í ní i. Ẹ má tìtorí èyí tú ìdílé ká.

FUNFUN ARA KÌ Í ṢE ORÍṢI KAN

Mo bẹ̀ yín, ẹ má rí funfun lára ẹnì kan kí ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ má sì rí i lára ara yín kí ẹ fi pamọ́. Ẹ jẹ́ kí á wo oríṣi mẹ́rin.

Èkíní ni fitilígò. Ó funfun bí wàrà. Awọ ibẹ̀ dán, kì í ya, kì í wú. Ó mọ ìfọwọ́kàn.

Èkejì ni ẹ̀tẹ̀. Ojú ibẹ̀ kì í funfun tó wàrà. Ó kàn máa ń ṣí díẹ̀, tàbí kí ó pọ́n. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé ó lè má mọ òwú, kí ó má mọ abẹ́rẹ́, kí ó má mọ iná. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe dúró dọ̀la. Oògùn ẹ̀tẹ̀ wà. Oṣù 6 tàbí oṣù 12 ni wọ́n fi ń lò ó. Láti ọdún 1995 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń rí i pé ọ̀fẹ́ ni oògùn yìí fún àwọn tí ó ní ẹ̀tẹ̀. Ẹni tí ó bá tètè lò ó yóò san, ìka rẹ̀ yóò sì pé. Ẹni tí ó bá fi pamọ́, ọwọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ lè bàjẹ́. Ní Pobè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níhìn-ín, ilé ìwòsàn kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ojú kéékèèké tí ó máa ń wà ní àyà, ẹ̀yìn àti ọrùn. Bí ẹ bá fi èékánná ha á, ó máa ń ya bí ìyẹ̀fun. Oògùn rẹ̀ kò le. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí.

Ẹ̀kẹrin wà fún àwọn tí ń gbé létí odò tí ó ń sáré. Ojúgun àgbàlagbà lè ní funfun tótòtó bí awọ ẹkùn. Àìsàn tí eṣinṣin odò ń kó bá ènìyàn, èyí tí ó ń fọ́ ojú, ni ó lè fà á. Bí wọ́n bá ń pín oògùn rẹ̀ ní abúlé yín, ẹ gbà á, kí ẹ lò ó.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tí ó pe fitilígò ní ẹ̀tẹ̀ ti ṣe ibi méjì. Ó ti ba orúkọ ẹni tí kò ní ẹ̀tẹ̀ jẹ́. Ó sì ti dẹ́rù ba ẹni tí ó ní ẹ̀tẹ̀ lóòótọ́, kí ó má bàa lọ gba oògùn.

OHUN TÍ ÌTỌ́JÚ LÈ ṢE

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé: "Ṣé ó lóògùn?" Ẹ gbọ́ òótọ́. Ìtọ́jú wà. Ó lè dá fitilígò dúró kí ó má tàn mọ́. Ó lè dá àwọ̀ padà síbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí ó lè mú un kúrò títí láé, kí ènìyàn gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún yín, owó yín ni ó ń wò.

Oògùn ìpara wà tí dókítà ń fúnni láti tu àwọn ọmọ ogun ara lójú, kí wọ́n fi àwọn aláró sílẹ̀. Ti ara lè yàtọ̀ sí ti ojú. Èyí tí ó le, tí a bá ń fi pa ojú fún ìgbà pípẹ́, ó lè sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì lè ṣe ẹyinjú níbi. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ rà á lójú ọjà láìrí dókítà.

Ìtọ́jú ìmọ́lẹ̀ náà wà. Ẹ̀rọ kan ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n sí ara. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn abúlé kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni àwọ̀ ṣe ń padà? Nígbà tí ogun bá dé, àwọn aláró díẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí ìdí irun ara. Bí ìtọ́jú bá mú ogun rọlẹ̀, wọ́n á tún jáde. Ẹ ó rí àwọn tótó dúdú kéékèèké nínú funfun náà, bí èso ilá tí ó dà sórí ẹ̀kọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa fẹ̀ títí wọn yóò fi pàdé ara wọn.

Nítorí náà, ojú àti ọrùn máa ń gba ìtọ́jú dáadáa. Orí ìka àti ètè kò ní irun, wọn kì í sì í tètè gbà á. Ibi tí irun ara pàápàá bá ti funfun, ó ṣòro níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì tètè lọ ni ó ń rí èrè jù. Èmi pẹ́. Ẹ má pẹ́ bíi tèmi.

Ní ọdún 2022, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn ìpara tuntun kan fún fitilígò. Ruxolitinib ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 12 lè lò ó. Ó wọ́n púpọ̀púpọ̀. Kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ lè ta oko rà. Ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kò sùn.

Ẹ máa wí pé: "Ewé àwọn bàbá wa ńkọ́?" N kò bú ewé. Ní Íjíbítì, àwọn ènìyàn etí odò Náílì máa ń lo ewéko kan fún funfun ara láti ayé àtijọ́. Ní ọdún 1948, dókítà ará Íjíbítì kan tí ó ń jẹ́ El Mofty fi ohun tí ó wà nínú ewéko náà tọ́jú fitilígò, ó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, pẹ̀lú oòrùn. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó lè mú kí oòrùn jó ènìyàn títí ara yóò fi léròrò, bí wọn kò bá wọ̀n ọ́n. Ewé lágbára. Ohun tí ó lágbára ni a sì ń fi òṣùwọ̀n lò.

OHUN TÍ MO YÀN FÚN ARA MI

Dókítà ní ìtọ́jú ìmọ́lẹ̀ yóò dára fún mi, bí mo bá lè máa wá sí ìlú ńlá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo ṣírò owó ọkọ̀. Mo ṣírò ọjọ́ ọjà tí n óò pàdánù. Mo ṣírò oko ẹ̀pà tí koríko yóò bò. Mo ní: "Dókítà, n kò lè ṣe é." Kò bínú. Ó fún mi ní ìpara fún ojú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀gbẹ́ imú mi àti iwájú orí mi dúdú padà. Ètè mi àti ọwọ́ mi, a fi wọ́n sílẹ̀.

Èyí kì í ṣe ìṣubú. Yíyàn ni. Ẹlòmíì tí ó súnmọ́ ìlú lè yan ìmọ́lẹ̀. Ẹlòmíì lè sọ pé òun kò fẹ́ ìtọ́jú kankan, nítorí fitilígò kì í pani lára. Òun náà kò ṣẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ yan èyí tí agbára yín ká, láìjẹ gbèsè.

Àwọn ohun kan sì wà tí kò gba owó. Ojú funfun kò ní aró tí yóò bò ó, oòrùn tètè ń jó o. Ẹ lọ sí oko ní kùtùkùtù. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn àti akẹtẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún egbò, nítorí ibi tí a bá ha tàbí tí ó bó lè funfun. Ẹ má jẹ́ kí okùn bàtà tàbí ìgbànú máa pa ojú kan nígbà gbogbo. Bí ẹ bá ń fọ́n oògùn sí ọ̀wú, ẹ bo ara yín dáadáa. Bí ọrùn yín bá ń wú, tí àyà yín ń lù kìkì, tàbí tí ó ń rẹ̀ yín ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ sọ fún dókítà. Nígbà míì, àìsàn ọ̀nà ọ̀fun máa ń bá fitilígò rìn.

OWÓ TÍ KÒ YẸ KÍ Ẹ NÁ

Ẹ má ná owó lórí ohun tí ó ń jó ara. Mo ti ná tèmi, ẹ ti gbọ́ ohun tí mo rí.

Ẹ má ná owó lórí ọṣẹ àti ìpara tí ó ń bó ara. Ohun olóró wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn kan tilẹ̀ lè pa àwọn aláró ara, kí wọ́n fi funfun tí kò ní lọ mọ́ sílẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ yà mí lẹ́nu. Ní ọjà wa, obìnrin kan lè fi owó ara rẹ̀ ra ìpara láti di funfun. Àwọn ènìyàn á ní ó rẹwà. Èmi di funfun láìfẹ́, wọ́n ní kí n kúrò lọ́jà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé àwọ̀ ni a ń bẹ̀rù, àbí àìmọ̀ wa?

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ỌJÀ GBỌ́

Àwọn kan á sọ pé: "Oúnjẹ ni ó ń tà. Ẹni tí ó ń ta oúnjẹ gbọ́dọ̀ mọ́." Òótọ́ ni. Mo fara mọ́ ọn. Nígbà náà, ẹ béèrè ìbéèrè tí ó tọ́ lọ́wọ́ gbogbo wa.

Ẹ má béèrè pé: "Irú àwọ̀ wo ni ọwọ́ rẹ̀ ní?" Ẹ béèrè pé: "Ṣé ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ nígbà tí ó ti ẹ̀yìnkùlé dé? Ṣé ó bo oúnjẹ rẹ̀ kí eṣinṣin má bàa bà lé e? Ṣé omi tí ó fi po ẹ̀wà mọ́?" Ọwọ́ dúdú tí kò fọ̀ ni ó ń kó ìgbẹ́ gbuuru àti kọ́lẹ́rà wọ ilé. Ọwọ́ funfun tí ó fọ̀ kò kó nǹkan kan wọ ilé ẹnikẹ́ni.

Mo padà sí ọjà. N kò fi ọ̀rá bọ ọwọ́. Mo gbé kẹ́tùlù omi àti ọṣẹ sí iwájú mi. Mo ń fọ ọwọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Bí ẹnì kan bá béèrè, mo ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn aláró fún un. Bí ọmọdé bá ń wo mí, mo ń na ọwọ́ sí i kí ó fi ọwọ́ kàn án. Igbá ẹ̀wà mẹ́ta kò tíì padà. Méjì ni mò ń lọ̀ báyìí. Obìnrin tí ó ní ẹ̀tẹ̀ ni, kò tíì ra àkàrà mi títí di òní. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ń rà á.

SÍ ÀWỌN TÍ Ó NÍ I

Ìwọ tí fitilígò wà lára rẹ, ọ̀rọ̀ mi sí ọ kò pọ̀. Má fara pamọ́. Ìwọ kọ́ ni o fà á. Ẹ̀gàn kì í pẹ́ dé ọkàn, ó sì lè mú kí oorun àti oúnjẹ má wu ènìyàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, wá ẹni tí o lè bá sọ ọ́.

Àwọn olókìkí pàápàá ní i. Ní ọdún 1993, akọrin Amẹ́ríkà nì, Michael Jackson, sọ lórí tẹlifísọ̀n pé àìsàn kan ni ó ń ba àwọ̀ òun jẹ́. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2009, àwọn dókítà yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé fitilígò ni lóòótọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n yàn fún Ọjọ́ Fitilígò Àgbáyé, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 2011. Obìnrin kan ní Nàìjíríà, aládùúgbò wa, Ogo Maduewesi, tí òun náà ní i, wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ tí ó ní i bá wà ní kíláàsì yín, ẹ jẹ́ kí ó jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olórí ọjà, bí ẹnì kan bá pariwo "ẹ̀tẹ̀" mọ́ oníṣòwò, ẹ pè é kí ẹ bá a wí. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ta ewúrẹ́ kẹta. Owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn kéré sí owó ewúrẹ́.

Èmi ní tèmi, ọjà wa yóò ná lọ́la. Mo ti rẹ ẹ̀wà sómi. Ẹ wá ra àkàrà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Báwo ni òṣìṣẹ́ ìlera ṣe fi òwú mọ̀ pé ohun tí ó wà lára obìnrin yìí kò jọ ẹ̀tẹ̀?

2. Kí ni ó fà á tí ojú fi máa ń gba ìtọ́jú ju ìka ọwọ́ lọ?

3. Bí obìnrin yìí bá ń ta àkàrà ní ọjà yín, ṣé ẹ ó rà á? Ẹ sọ òótọ́, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.